Òdòdó Ọjọ́ Kan Náà sí Ryde, Isle of Wight: Ọwọ́ Ta Ló Yẹ Kí Owó Yín Lọ?

Kò sí afárá láàárín Isle of Wight àti ilẹ̀ England, kò sì sí ọ̀nà tó gba abẹ́ omi kọjá. Ohun tí kò bá hù lórí erékùṣù náà, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e débẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wá ní òun á gbé òdòdó dé ẹnu ọ̀nà ẹnìkan ní Ryde, ìlú kan lórí erékùṣù náà, lọ́jọ́ tí ẹ sanwó gan-an, òdòdó yẹn ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ní ṣọ́ọ̀bù kan lórí erékùṣù kí ẹ tó mú káàdì yín jáde. Ẹni tó ni bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ ń wá. Gbogbo ẹni tó bá dúró sáàárín ẹ̀yin àti òun, owó òdòdó ló ń gé kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùtọ́jú àgbàlagbà ti wọ ìlú kéékèèké Britain, wọn ò jókòó sí Peckham àti Manchester nìkan mọ́. Ẹ̀gbọ́n wà ní Houston, màmá wà ní Abẹ́òkúta, àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà ní Ryde, inú wọn sì dùn débi pé wọ́n fẹ́ kí nǹkan kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí, kó má di ọ̀la.

Ọ̀nà mẹ́rin ni owó yín lè gbà. Ẹ lè pe ṣọ́ọ̀bù olódòdó kan lórí erékùṣù náà tààrà. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ńlá bí Interflora, tó máa fi ọ́dà yín ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè bọ́ sọ́wọ́ ojú òpó kan tó ń pe ara rẹ̀ ní olódòdó Ryde, tí kò sì ní ju kọ̀ǹpútà àti nọ́ńbà fóònù lọ. Ẹ sì lè ra àpótí òdòdó tí ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí kúríà máa gbé lọ. Bí mo bá ní kí n fún wọn ní máàkì, èkíní gba 9 nínú 10, èkejì gba 6, ẹ̀kẹta kò gba ohunkóhun. Ẹ̀kẹrin gba 7, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan náà rárá, ẹnikẹ́ni tó bá sì tà á bẹ́ẹ̀ fún yín kò sòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ojú omi náà, torí òun ló ń túdìí àṣírí ohun gbogbo. Ọkọ̀ Wightlink tó ń gbé mọ́tò láti Portsmouth máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kó tó dé Fishbourne, tí kò jìnnà sí Ryde. Ti Red Funnel láti Southampton sí East Cowes ń lo nǹkan bíi wákàtí kan. Ti Lymington sí Yarmouth, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Mọ́tò gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìlà kí ọkọ̀ tó ṣí, yóò tún padà lọ́nà kan náà. Olódòdó Portsmouth tó bá rán awakọ̀ rẹ̀ lọ sí Ryde pẹ̀lú ìdì òdòdó kan, ìdajì ọjọ́ iṣẹ́ awakọ̀ náà ti lọ nìyẹn, pẹ̀lú owó ọkọ̀ ojú omi tó ń gbówó lórí sí i lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Owó tí wọ́n sábà máa ń gbà fún gbígbé òdòdó délé kò ju £5 sí £8 lọ. Kò sí bí £6 ṣe lè ru ẹrù yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù Southampton tàbí London tó ní òun á gbé e dé Ryde lónìí fún £5.99, kì í ṣe òun ló máa gbé e; yóò ta ọ́dà náà fún ẹlòmíràn ni.

Àwọn kan máa ń béèrè nípa ọkọ̀ Hovertravel tó ń fi afẹ́fẹ́ sáré lórí omi láti Southsea sí Ryde ní ìṣẹ́jú 10, tàbí ọkọ̀ ojú omi tí kì í gbé mọ́tò, èrò nìkan ló ń gbé, tó ń ti Portsmouth Harbour lọ sí orí èbúté gígùn Ryde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Ó ṣeé ṣe fún ọ̀rẹ́ tó fẹ́ lọ kí i fúnra rẹ̀. Fún oníṣòwò, owó àlọ àti àbọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ti ju owó ìgbéde lọ. Bí ẹ̀fúùfù bá sì dìde, àwọn ọkọ̀ tó fúyẹ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró.

Òdòdó tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ryde náà ti rìn jìnnà. Ọ̀pọ̀ rósì tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù wá láti Kenya, pàápàá ní agbègbè adágún Naivasha. Wọ́n á gé e, wọ́n á kó o sí ibi tútù, wọ́n á fi bàálù gbé e láti Nairobi. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á gba ọjà gbàǹjo Royal FloraHolland ní Aalsmeer, nílẹ̀ Netherlands, kó tó gun ọkọ̀ ẹrù wá sí England, kó tún gun ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dé erékùṣù. Nígbà tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, òùngbẹ ti gbẹ ẹ́. Olódòdó tó mọṣẹ́ kò ní tà á lójú ẹsẹ̀: yóò já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, yóò gé ìdí ọ̀pá rẹ̀, yóò fi sínú omi mímọ́ níbi tútù fún wákàtí mélòó kan, tàbí kó sùn mọ́jú. Iṣẹ́ yìí ni ẹni tó ń fi ìkánjú tà máa ń fò, ìyẹn ló sì ń fà á tí rósì fi ń tẹ orí kọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ̀pá rẹ̀, omi kò lè gòkè mọ́.

Ìdí nìyí tí ọjà kò fi lè pọ̀ yanturu lórí erékùṣù. Ṣọ́ọ̀bù kan kò lè sáré lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò ńlá láàárọ̀ kó lọ mú òdòdó aláwọ̀ pinki méjìlá wá torí ẹnìkan ṣoṣo. Ohun tí ọkọ̀ tó kọjá gbé wá ló wà níbẹ̀. Àwòrán tó wà lórí ojú òpó ńlá kò mọ èyí.

Ẹgbẹ́ tó ń fi ọ́dà ránṣẹ́ láti ìlú kan sí ìkejì kì í ṣe ohun tuntun. Ọdún 1910 ni èyí tí wọ́n ń pè ní FTD bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tẹ́lígíráàmù ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ nígbà náà. Ti Britain, tó di Interflora, bẹ̀rẹ̀ ní 1923. Òdòdó kì í rin ìrìn kankan nínú ètò náà; ọ̀rọ̀ ló ń rìn, owó sì ń tẹ̀ lé e. Ètò tó dára ni, àwọn olódòdó gidi ló ń di òdòdó náà. Ìṣòro rẹ̀ ni bí owó ṣe ń pín. Ká ní ẹ san £50. Bí £7 nínú rẹ̀ bá jẹ́ owó ìgbéde àti owó iṣẹ́, £43 ló kù. Nínú ètò tó ti pẹ́ láàárín irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba ọ́dà ń mú 20 nínú 100. Ẹ fi ìyẹn nìkan yọ £43, £34.40 ló dé ọwọ́ ẹni tó máa di òdòdó, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ò sì tíì mú ìpín tirẹ̀. Ẹni tó gba òdòdó yóò máa wo ohun tó tó £30, ẹ̀yin á sì máa rántí £50.

Àìdọ́gba yẹn kọ́ ló máa ń ba ọjọ́ jẹ́ jù, ìdápadà ọ́dà ni. Ẹgbẹ́ náà á fi ọ́dà yín sọ sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kan ní Ryde. Ọwọ́ olódòdó dí, tàbí rósì olómi ọsàn tó wà nínú àwòrán kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí awakọ̀ rẹ̀ ti jáde, ó sì kọ̀ ọ́. Ọ́dà á lọ sí ìkejì, ìyẹn náà lè kọ̀. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lẹ máa rí ìmeèlì pé "a máa gbé e dé lọ́la". Kò sẹ́ni tó purọ́ fún yín nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí ti kọjá. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lo irú ẹgbẹ́ yìí, bóyá torí pé alẹ́ ni, tí kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, ẹ yan èyí tí wọ́n kọ sí i pé olódòdó ló máa yan òdòdó fúnra rẹ̀. Ìyẹn kò ní kí olódòdó Ryde wá ohun tí kò sí lórí erékùṣù, kì í sì í tètè padà.

Ẹ̀kẹta, àwọn tó ń díbọ́n, ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ tẹ "òdòdó Ryde lónìí" sínú Google, àwọn tó sanwó ìpolówó ló máa kọ́kọ́ jáde, nínú wọn sì lè jẹ́ ẹni tí kò ní ewé kan ṣoṣo. Àmì wọn kò ṣòro. Kò sí àdírẹ́sì òpópónà lórí ojú òpó wọn, fọ́ọ̀mù ìbéèrè nìkan ló wà. Kò sí àwòrán iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa Ryde lè jẹ́ ti Rugby tàbí Reading, orúkọ ìlú nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Owó iṣẹ́ wọn kò ní yọjú títí ẹ ó fi dé ojú ìwé tí ẹ ti máa sanwó. Ohun kan wà tó ṣe kókó: nọ́ńbà fóònù ilé gbogbo Isle of Wight ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01983. Ẹni tó ní òun wà ní Ryde tó sì fún yín ní 0800 tàbí 0330 nìkan, nọ́ńbà tí kò so mọ́ ìlú kankan, ẹ dúró díẹ̀. 01983 náà kò tó ẹ̀rí, torí wọ́n lè darí ìpè lọ sí ibòmíràn. Ẹ wo àdírẹ́sì náà lórí Google Maps, kí ẹ sì wo àwòrán òpópónà bóyá ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ wá pè wọ́n, kí ẹ béèrè pé: "Kí ló dára lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí?" Olódòdó tòótọ́ á yí orí wo bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Á ní freesia wọlé lánàá, ó ń ta sánsán, tulip ku díẹ̀, rósì funfun ti tán. Ẹni tó jókòó sí ibi ìgbápè á ka orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ fún yín láti ojú ìwé. Ìyàtọ̀ yẹn kò ṣeé fara pamọ́, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Àkókò tí ẹ pè ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ ní lọ. Agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ló dára jù. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń to ọ́dà ọjọ́ náà, tí wọ́n sì ń ya ọ̀nà tí awakọ̀ máa gbà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré kì í ju awakọ̀ kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì ló sì ń jáde lóòjọ́. Ìkànnì ńlá lè kọ agogo méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí gbèdéke, ṣùgbọ́n gbèdéke tiwọn nìyẹn, kì í ṣe ti awakọ̀ Ryde. Lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán, ẹ gbà pé ojúure ni wọ́n ń ṣe yín. Lọ́jọ́ Sátidé ó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ má kàn pe ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí erékùṣù. Ẹ pe èyí tó wà nínú ìlú náà tàbí tó súnmọ́ ọn. Erékùṣù yìí gùn tó nǹkan bíi máìlì 23 láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn, àwọn ọ̀nà rẹ̀ sì tóóró. Olódòdó Ryde á gbé e dé Ryde, Seaview, St Helens àti Bembridge láìṣe wàhálà. Bí ẹ bá ní kó gbé e dé Freshwater, ní apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù, lónìí, ẹ ń ní kó fi ìdajì ọ̀sán rẹ̀ sílẹ̀. Ìdẹkùn mìíràn wà ní Cowes. Cowes àti East Cowes kọjú síra, odò Medina ló là wọ́n láàárín, ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣéènì fà ló ń gbé mọ́tò sọdá. Bí ọkọ̀ yẹn bá dáṣẹ́ sílẹ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ yí gba Newport, máìlì tó lé ní mẹ́wàá fún ibi tí èèyàn ń fojú rí. Ẹ kọ èyí tó jẹ́ gan-an. Ní ti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ (postcode), PO31 ni Cowes, PO32 ni East Cowes. Ryde jẹ́ PO33, Seaview PO34, Newport PO30.

Àjọ̀dún náà ń dí ọ̀nà. Isle of Wight Festival máa ń wáyé nínú oṣù kẹfà ní Newport, Cowes Week sì ń bọ́ sí ìparí oṣù keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ fi ọ́dà yín sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kí ẹ má gbára lé ọjọ́ kan náà rárá.

Ohun tó ń ba ìgbéde jẹ́ jù lọ ni àdírẹ́sì tí kò pé, ẹ̀bi rẹ̀ kì í sì í ṣe ti olódòdó. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá àtijọ́ ní Ryde ni wọ́n ti pín sí yàrá ìgbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìlẹ̀kùn kan, agogo márùn-ún. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà fúlàátì àti orúkọ tó wà lára agogo. Ní àwọn abúlé tó yí i ká, ilé mìíràn kò ní nọ́ńbà, orúkọ nìkan ló ní. Ní ọgbà ìsinmi tí wọ́n ti ń gbé nínú káráfáànì, ẹ sọ nọ́ńbà ibi tí ó wà. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ sọ orúkọ tí wọ́n fi gba yàrá. Orúkọ tí ẹ ń pè é nílé lè máà sí lára ìlẹ̀kùn: Ìyá Tolú lẹ mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò mọ̀. Ẹ kọ méjèèjì. Nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe tiyín nìkan. Awakọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè pe Houston kó tó mọ bí yóò ṣe wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu, ẹ sọ fún olódòdó kó má pè é àfi bí kò bá sẹ́ni nílé.

Fún nọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ gígùn nílé ìwòsàn ìjọba Britain (NHS) sábà máa ń tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti bí agogo méje ààbọ̀ àárọ̀. Òdòdó tó dé ní agogo méjì ọ̀sán á jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú atẹ́gùn òkun títí di alẹ́, tàbí kó bá aládùúgbò wọlé. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló dára. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bá jẹ́ aláìsàn ní St Mary's Hospital ní Newport, ẹ pe wọ́ọ̀dù náà kí ẹ tó sanwó rárá. Ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ní Britain kì í gba òdòdó, ibi ìtọ́jú àkànṣe kì í gbà á rárá, aláìsàn sì lè ti lọ sílé kí òdòdó tó dé. Bí ẹnìkan bá kú, ẹ má rò pé ọjọ́ kan náà: òdòdó ìsìnkú tí wọ́n hun róbótó (wreath) tàbí tí wọ́n fi kọ orúkọ ń gba ọjọ́ méjì ó kéré tán, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìsìnkú ni wọ́n sì ń gbé e lọ, kí ó tó di wákàtí tí wọ́n máa gbé òkú jáde.

Kí lẹ máa ní kí wọ́n dì? Ohun mẹ́rin péré ni kí ẹ sọ: iye tí ẹ fẹ́ ná pẹ̀lú owó ìgbéde nínú rẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe, àwọ̀ tí ẹni náà fẹ́ràn, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Olódòdó tí wọ́n fún láàyè á kó èyí tó tuntun jù lọ. Èyí tí ẹ fi orúkọ òdòdó mẹ́fà dè mọ́lẹ̀ á máa wá arọ́pò. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Bí ológbò bá wà nílé, lílì ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ nìkan tó láti ba kíndìnrín ológbò jẹ́. Ìyẹ̀fun yẹn náà ń ta sí aṣọ funfun, kì í sì í bọ́. Kí wọ́n yọ ọ́ kó tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti owó, ìdì òdòdó tó níyì ní ṣọ́ọ̀bù ìlú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí £35. Ní ojú tèmi £45 sí £50 ló dára jù, torí láti ibẹ̀ ni olódòdó ti lè fi ewé eucalyptus àti òdòdó ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i láìṣahun. Bí £35 bá ni gbogbo ohun tí ẹ ní, ẹ béèrè fún carnation, alstroemeria àti chrysanthemum. Carnation lè gba ọ̀sẹ̀ méjì nínú omi, chrysanthemum náà bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí rósì kì í sábà ju ọjọ́ márùn-ún sí méje lọ. Tẹ̀ lé àsìkò: tulip àti daffodil láti oṣù kìíní dé oṣù kẹta, peony ní oṣù karùn-ún àti kẹfà, òdòdó oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, dahlia láti oṣù kẹjọ. Bí daffodil bá wà, ẹ jẹ́ kó dá wà. Omi tó ń jáde lára ọ̀pá rẹ̀ ń ba òdòdó mìíràn jẹ́ nínú ìkòkò kan náà. Fún màmá àgbàlagbà tó máa ń béèrè pé kí ló fẹ́ fi ewéko tó máa kú ṣe, ẹ ra orchid nínú ìkòkò, ó lè wà fún oṣù méjì sí mẹ́ta, a kì í sì í bomi rin ín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń pè láti òkèèrè ní láti ṣírò aago. Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, aago Nàìjíríà àti ti Britain dọ́gba. Ní ìgbà òtútù, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú: agogo mọ́kànlá ní Ryde jẹ́ agogo méjìlá ní Èkó. Agogo mọ́kànlá kan náà jẹ́ agogo márùn-ún ìdájí ní Houston, nítorí náà ará Texas tó fẹ́ ọjọ́ kan náà yóò jí ní kùtù, tàbí kó fi ìmeèlì sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ọjọ́ Ìyá wọn kì í ṣe ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà. Ti Britain, tí ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà nílé náà ń ṣe, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kẹrin nínú Lẹ́ńtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé ṣáájú Àjíǹde. Ti Amẹ́ríkà ni ọjọ́ Àìkú kejì oṣù karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Ìyá àti ọ̀sẹ̀ 14 oṣù kejì, ẹ pè ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, nítorí owó rósì pupa máa ń fò sókè, awakọ̀ kò sì ní àyè.

Káàdì náírà máa ń kọ̀ nígbà mìíràn lórí ẹ̀rọ wọn, káàdì àkáǹtì dọ́là tàbí ti pọ́n-ùn ló fọkàn balẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á fi líǹkì ìsanwó ránṣẹ́. Ìyẹn sàn ju kí ẹ máa ka nọ́ńbà káàdì lórí fóònù. Káàdì ìkíni náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìmeèlì kí wọ́n má fi etí gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn lè sọ ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè, nítorí náà ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́, kí wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó jáde. "Ẹ kú ewu ọmọ" kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ pẹ̀lú ihò nínú.

Ní ti àpótí òdòdó tó ń gba ojú ihò lẹ́tà wọlé, irú ti Bloom & Wild, mo fún un ní 7 torí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, Royal Mail kì í sì í bu owó lé iye tó ń gbà nítorí erékùṣù. Àpótí náà pẹlẹbẹ, òdòdó inú rẹ̀ kò tíì là, ẹni tó gbà á ló máa tò ó fúnra rẹ̀. Kúríà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ka PO30 sí PO41 mọ́ ibi jíjìnnà, wọ́n á fi owó kún un tàbí kí "ọ̀la" di ọ̀tunla. Ẹ ka ìwé àdéhùn wọn dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ Isle of Wight.

Bí ó bá ti dé, ìdì tí wọ́n fi ọwọ́ dì máa ń wá pẹ̀lú àpò omi nísàlẹ̀. Kí ẹni náà gún àpò yẹn lórí síǹkì, kó má tú okùn tó so àwọn ọ̀pá, kó gé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò nídìí wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀, kó sì gbé e sínú ìkòkò tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀. Ewé kankan kò gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Kí wọ́n pààrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì méjì, kí ó jìnnà sí ẹ̀rọ amúlé-gbóná, kí ó sì jìnnà sí abọ́ èso: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan sílẹ̀ tó ń mú carnation rọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Kí ó fi ọwọ́ tẹ ìdí orí rósì náà jẹ́jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá le, ó tuntun. Bó bá rọ̀ bí tìmùtìmù, ó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ewé tó ti pọ́n àti ọ̀pá tó ń yọ̀ lọ́wọ́ jẹ́ àmì kan náà. Kí ó ya àwòrán lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì pè lọ́jọ́ kan náà tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Olódòdó tó mọyì orúkọ rẹ̀ á gbé òmíràn wá. Òfin Consumer Rights Act 2015 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ níyì tó bó ṣe yẹ, òdòdó sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀tọ́ ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lórí ohun tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò kan ohun tó ń tètè bàjẹ́. Bí káàdì kírédíìtì Britain lẹ fi sanwó, tí iye ọjà náà sì ju £100 lọ, báńkì yín ní ojúṣe lórí rẹ̀ lábẹ́ Section 75 nínú òfin Consumer Credit Act 1974. Bó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí báńkì bá yín gba owó padà lọ́nà tí wọ́n ń pè ní chargeback. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín ni kí ẹ bá ṣe ẹjọ́. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá ni, ẹgbẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí, torí ṣọ́ọ̀bù Ryde kò bá yín ṣe àdéhùn kankan, kò sì ní owó yín lọ́wọ́ láti dá padà.